VM láti ìbẹ̀rẹ̀: bí ẹ ṣe máa fi Linux sínú Windows láì pa Windows rẹ́, àti OS tó yẹ láptọ́ọ̀pù yín

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ọyẹ́ tàbí Ìwòròkó kì í gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi ní Adó-Èkìtì, kó sì ní: "Bọ̀ọ̀dá, olùkọ́ wa ní ká fi Linux sórí kọ̀ǹpútà wa, mi ò sì fẹ́ kí Windows mi bàjẹ́. Kí ni ṣíṣe?" Mo ti fẹnu dáhùn títí ó fi sú mi. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá tún béèrè, ibí ni màá ní kó wá kà.

Ohun tí ẹ nílò ni VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ẹ máa kọ́ sínú kọ̀ǹpútà yín. OS ni mo ń pe ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà látòkèdélẹ̀, bíi Windows, Linux àti macOS. Èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni onílé, èyí tí ẹ fẹ́ gbé wọlé ni àlejò. Onílé á yọ yàrá kan fún àlejò, á bu díẹ̀ nínú RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) àti dísìkì (ibi tó ń kó fáìlì pamọ́ sí) fún un, àlejò ò sì ní rí ohun tó wà ní yàrá onílé àfi tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tó bá ti dé Ìkógòsì á tètè yé: omi gbígbóná àti omi tútù pàdé níbẹ̀, èyí tó gbóná ń gbóná, èyí tó tutù ń tutù.

VirtualBox, ètò tó ń ṣe VM, ni màá lò. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà.

## Ẹ yẹ kọ̀ǹpútà wò kí ẹ tó fi dátà ṣòfò

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nìyí: èèyàn á ra dátà, á daunlóòdù fáìlì tó lé ní 5GB mọ́jú, ilẹ̀ á mọ́ tán kó tó rí i pé láptọ́ọ̀pù òun ò tíì ṣe tán láti gbé VM. Àyẹ̀wò yìí ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

1. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager á ṣí. Ẹ tẹ Performance, lẹ́yìn náà CPU.
2. Ẹ wo ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ Virtualization sí, ìyẹn agbára tí láptọ́ọ̀pù fi ń gbé VM. Tó bá jẹ́ Enabled, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ Disabled, apá tó kàn jẹ́ tiyín.
3. Níbẹ̀ kan náà, ẹ tẹ Memory kí ẹ wo iye RAM yín.
4. Ẹ ṣí This PC, kí ẹ wo àyè tó ṣẹ́ kù lórí dísìkì.

Ẹ má tíì tẹ̀ síwájú àfi tí ẹ bá ní:

- RAM 4GB ó kéré tán (8GB ni ara ti máa tù yín)
- àyè 30GB tó ṣófo
- Virtualization tó wà ní Enabled
- bátìrì tó lè gbé yín fún wákàtí kan, tàbí ibi tí ẹ ti máa rí iná

## Tó bá jẹ́ Disabled

Láptọ́ọ̀pù yín ò bàjẹ́. Wọ́n kàn pa á nínú BIOS ni (ètò kékeré tó máa ń jí láptọ́ọ̀pù kí Windows tó yọjú), ẹ̀yin lẹ sì máa tàn án.

1. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù, ẹ tún un tàn, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnì BIOS léraléra kí Windows tó yọjú. Lórí HP, ẹ tẹ Esc, lẹ́yìn náà F10. Lórí Dell, F2 ni. Lórí ThinkPad, F1. Lórí ọ̀pọ̀ Lenovo yòókù, F2.
2. Ẹ wá a nínú Advanced, Security, Configuration tàbí System Configuration. Tó bá jẹ́ Intel, Intel Virtualization Technology tàbí VT-x ni wọ́n máa kọ. Tó bá jẹ́ AMD, SVM Mode ni.
3. Ẹ sọ ọ́ di Enabled. Ẹ tẹ F10 láti fi pamọ́, kí ẹ gbà pé Yes.

Bí ìka yín ò bá yá tó láti mú bọ́tìnì náà, ẹ di Shift mú nínú Windows kí ẹ tẹ Restart, ẹ wá gba Troubleshoot, Advanced options, UEFI Firmware Settings. Ibì kan náà ló já sí.

Ìkìlọ̀: bí BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, bá wà lórí láptọ́ọ̀pù yín, ó lè béèrè recovery key lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan BIOS. Ẹ lọ wá nọ́ńbà gígùn yẹn nínú àkáǹtì Microsoft yín ṣáájú, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ti rí ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́ nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ wọ inú BIOS níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù wọ̀nyẹn ti ọ́fíìsì ìlú òkèèrè wá, àwọn kan sì ṣì ní páswọ́ọ̀dù tí ọ́fíìsì fi tì í. Bí ẹ ò bá lè wọlé, ẹ ò lè tan nǹkan kan níbẹ̀.

## OS wo ni kí àlejò jẹ́?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé HP 4GB wá. Ó ti fi Kali Linux, èyí tó jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, sínú VM, ó fún un ní 3GB, láptọ́ọ̀pù náà sì gan pa. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní kóòsì C ni, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kéékèèké. Kí wá ni Kali wá ṣe níbẹ̀? Ó ní òun rí i lórí YouTube, ó sì wu òun.

Ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ bi ara yín: kí ni mo fẹ́ fi àlejò yìí ṣe, RAM mélòó sì ni onílé lè yọ̀ǹda? Gbogbo wa la mọ bí ará Èkìtì ṣe ń ṣe àlejò, ẹni tó wọlé ló máa ń jẹ iyán tó pọ̀ jù. Ẹ má ṣe irú rẹ̀ níbí o. Bí ẹ bá kó RAM onílé fún àlejò, àwọn méjèèjì lebi máa pa. Ẹ má kọjá ìdajì láéláé.

Bí RAM yín bá jẹ́ 4GB. Windows nìkan ti ń jẹ tó ìdajì rẹ̀. Ẹ má fún àlejò ju 1.5GB lọ. Lubuntu, ọ̀kan lára oríṣi Linux, ló máa wọ̀ ọ́, torí LXQt tó ń lò fún ojú rẹ̀ fúyẹ́, àmọ́ ẹ pa Chrome onílé kí ẹ tó tàn án. Bí iṣẹ́ yín kò bá ju kí ẹ máa kọ àṣẹ sójú dúdú lọ, Debian (Linux lòun náà) tí kò ní ojú àwòrán rárá dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. 1GB tó o dáadáa.

Bí ó bá jẹ́ 8GB. Ẹ fún un ní 3GB. Xubuntu tàbí Linux Mint Xfce. Mint ni mo máa ń fún ẹni tí kò tíì rí Linux rí, nítorí ojú rẹ̀ jọ ti Windows, kò sì ní máa wá bọ́tìnì kiri. Ubuntu gan-an tún ṣeé ṣe, àmọ́ 4GB ló ń fẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ló sì máa dé ìdajì yẹn.

16GB sókè. Ẹ ṣe bó ṣe wù yín.

Ní ti iṣẹ́:

- *Kóòsì ilé ìwé, Python, C, àṣẹ Linux:* Lubuntu, Xubuntu tàbí Mint. Ohun tó wà nínú ọ̀kan wà nínú èkejì, ojú ló yàtọ̀.
- *Kíkọ́ iṣẹ́ sáfà:* Ubuntu Server tàbí Debian láìsí ojú àwòrán. Bí sáfà ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyẹn.
- *Ààbò kọ̀ǹpútà:* Kali, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ Linux lò. Àwọn tó ṣe Kali fúnra wọn kọ ọ́ síta pé kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Linux. Ẹ má sì dán an wò lórí nẹ́tíwọọ̀kì ilé ìwé tàbí ti aládùúgbò. Òfin Cybercrimes Act ti 2015 ka wíwọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ sí ọ̀ràn. VM méjì tó jẹ́ tiyín ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bára wọn jà.
- *Ètò ìṣirò owó àtijọ́ tí kò ṣiṣẹ́ lórí Windows tuntun:* ẹ lè fi Windows 7 sínú VM, kí ẹ sì yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Láti oṣù kìíní 2020 ni Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe ààbò fún un.
- *Windows 11:* ó ń fẹ́ RAM 4GB, dísìkì 64GB àti TPM 2.0 (ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà). VirtualBox 7.0 sókè ló ní TPM tirẹ̀. Ẹ máa ra láísẹ́ńsì. Bí ẹ bá kàn fẹ́ dán an wò, Microsoft ní ẹ̀yà Enterprise tí wọ́n ń fún èèyàn lò fún 90 ọjọ́.
- *macOS:* ẹ gbàgbé ẹ̀. Lórí ẹ̀rọ Apple nìkan ni láísẹ́ńsì rẹ̀ fàyè gbà á.

Nínú ìdílé Ubuntu, ẹ mú èyí tó ní LTS lára orúkọ, ìyẹn èyí tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ pẹ́. Ubuntu 24.04 LTS tó jáde ní oṣù kẹrin 2024 ní ọdún márùn-ún àtúnṣe. Lubuntu àti Xubuntu LTS ní mẹ́ta. Àwọn tí kò ní LTS, oṣù mẹ́sàn-án péré, lẹ́yìn náà ẹ tún máa ra dátà.

## Dídaunlóòdù

1. Ẹ gba VirtualBox ní virtualbox.org. Ẹ fi sórí Windows bí ẹ ṣe máa ń fi ètò yòókù sí i. Íntánẹ́ẹ̀tì lè já fún ìṣẹ́jú kan bó bá ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ ń fi iṣẹ́ ilé ìwé ránṣẹ́.
2. Ẹ gba fáìlì ISO (fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n di gbogbo OS sínú rẹ̀) ti OS tí ẹ yàn lórí ojúlé àwọn tó ṣe é. Bí nẹ́tíwọọ̀kì yín bá ń já, ẹ lo torrent tí wọ́n gbé síbẹ̀, torí ibi tó bá já sí ló ti máa ń bá a lọ.
3. Ẹ yẹ ISO náà wò. Ẹ ṣí Command Prompt nínú fódà tó wà, kí ẹ kọ: `certutil -hashfile orúkọfáìlì.iso SHA256`. Ẹ fi òǹkà tó jáde wé èyí tó wà lójúlé wọn. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, fáìlì náà ò pé.

Bí ọ̀rẹ́ yín bá ti ní ISO, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ìdí tí ẹ̀yin méjèèjì fi máa na dátà. Ṣùgbọ́n fláàṣì tó bá jẹ́ FAT32 kì í gba fáìlì kan tó tó 4GB, àyè ì báà pọ̀ tó lórí rẹ̀. Ẹ kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò, kí ẹ sọ ọ́ di exFAT. Kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò SHA256 náà lórí èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, pàápàá èyí tó ti gba ọwọ́ èèyàn mẹ́rin kọjá.

## Kíkọ́ yàrá àlejò

1. Ẹ ṣí VirtualBox, ẹ tẹ New.
2. Ẹ fún un lórúkọ, kí ẹ sì fi ISO yín hàn án.
3. Ẹ dúró síbí. Ẹ wá ìlà tó ní ọ̀rọ̀ náà Unattended. VirtualBox fẹ́ bá yín fi OS sí i láì bi yín ní nǹkan kan. Ẹ má gbà fún un. Bí ìlà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Skip, ẹ máàkì í. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Proceed, ẹ má máàkì í.
4. Base Memory: iye RAM tí a ti sọ lókè.
5. Processors: 2. Bí láptọ́ọ̀pù yín ò bá ní ju 2 lọ, ẹ fi 1.
6. Dísìkì: 25GB tó fún Lubuntu, Xubuntu tàbí Mint, 10GB tó fún Debian láìsí ojú àwòrán. Ẹ má máàkì Pre-allocate Full Size. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni fáìlì dísìkì náà á máa dàgbà. Ó máa ń dàgbà, àmọ́ kì í dín kù fúnra rẹ̀ bí ẹ bá pa nǹkan rẹ́ nínú àlejò.
7. Ẹ tẹ Finish. Ẹ wá lọ sí Settings, Display, kí ẹ gbé Video Memory dé 128MB.

Orí dísìkì inú láptọ́ọ̀pù ni kí VM wà. Ẹ má gbé e sórí fláàṣì. Á máa wọ́ bí ọkọ̀ tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù iṣu.

## Fífi OS sí i

1. Ẹ tẹ Start. Ẹ yan Try or Install.
2. Tí ojú rẹ̀ bá ti ṣí, ẹ tẹ àmì Install. Ẹ yan èdè, àsìkò (Lagos) àti kíbọọdù.
3. Ó máa bi yín nípa dísìkì. Ẹ yan Erase disk.

Ibí yìí ni àyà gbogbo èèyàn ti máa ń já. Wọ́n á pè mí: "Ó fẹ́ pa gbogbo nǹkan rẹ́!" Dísìkì yàrá àlejò ló ń sọ, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, tí nǹkan kan ò sí nínú rẹ̀. Ẹ wo iye tó kọ síbẹ̀: bó bá jẹ́ 25GB tí ẹ fún un ló wà níbẹ̀, kí ọkàn yín balẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ fláàṣì lẹ fi tan láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe inú fèrèsé VirtualBox lẹ wà, ẹ yọwọ́. Dísìkì onílé nìyẹn.

4. Ẹ kọ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú.
5. Ẹ jẹ́ kó parí. Tó bá ní kí ẹ yọ ohun tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ Enter.

## Lẹ́yìn tó bá ti wọlé

Ojú rẹ̀ á kéré nínú fèrèsé. Guest Additions ló ń tún un ṣe. Ẹ ṣí terminal (ojú dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí) nínú àlejò, kí ẹ kọ:

`sudo apt update`
`sudo apt install build-essential dkms linux-headers-$(uname -r)`

Bí ẹ bá ń kọ páswọ́ọ̀dù níbẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan tó ń jáde. Kíbọọdù yín ò kú. Ẹ kọ ọ́ tán kí ẹ tẹ Enter. Lẹ́yìn náà, lórí fèrèsé VirtualBox, ẹ tẹ Devices, Insert Guest Additions CD image. Ẹ ṣí terminal nínú fódà CD náà, kí ẹ kọ `sudo ./VBoxLinuxAdditions.run`. Ẹ tún àlejò tàn.

Fódà tí àlejò àti onílé jọ máa lò wà nínú Devices, Shared Folders. Ẹ máàkì Auto-mount àti Make Permanent. Ẹ wá kọ `sudo adduser $USER vboxsf` nínú àlejò, ẹ tún un tàn. Láìṣe èyí, ẹ máa rí fódà náà àmọ́ kò ní jẹ́ kí ẹ wọlé. Fódà kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣí fún un, kì í ṣe gbogbo C.

Nígbà tí ohun gbogbo bá ti dúró dáadáa, ẹ ṣe Snapshot. Bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́ lọ́la, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa padà sí òní.

## Ọ̀rọ̀ iná

Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, mo jẹ́ kí àlejò kan máa ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti rọ. Wọ́n mú iná lọ, ó kú pii, nígbà tí mo sì tún un tàn, dísìkì àlejò náà ti bàjẹ́. Iṣẹ́ oṣù méjì wà nínú rẹ̀. Mo ní Snapshot o, àmọ́ inú fódà kan náà ló wà, òun náà ò sì wúlò mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn:

- Tí bátìrì bá ti dé 20%, mo máa ń pa fèrèsé VM, mo sì yan Save the machine state. Á sùn síbi tó dé, á jí síbẹ̀.
- Mi ò kì í ṣe àtúnṣe OS láìsí sólà tàbí jẹnẹrétọ̀.
- Lóṣooṣù, mo máa ń lo File, Export Appliance, mo á gbé fáìlì .ova tó bá jáde sórí dísìkì mìíràn.

## Bí nǹkan bá yíwọ́

VT-x is disabled, VERR_SVM_DISABLED, tàbí pé 32-bit nìkan ló wà nínú àkójọ. BIOS ni. Ẹ padà sókè.

Ìjàpá aláwọ̀ ewé ní ìsàlẹ̀ fèrèsé. Ẹ ò ṣìran. Ìjàpá inú àlọ́ gbọ́n, tibí kàn ń fà ni: Hyper-V, ètò VM ti Windows fúnra rẹ̀, ti gba ipò tí VirtualBox fẹ́ lò. Ẹ wá Turn Windows features on or off, kí ẹ yọ máàkì kúrò lára Hyper-V, Virtual Machine Platform àti Windows Hypervisor Platform, kí ẹ tún láptọ́ọ̀pù tàn. Bí ìjàpá ò bá lọ, ẹ wo Memory integrity nínú Core isolation. Ààbò lèyí o. Bí VM yín bá ń sáré tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìjàpá wà níbẹ̀.

Máòsì há sínú àlejò. Ẹ tẹ Ctrl ti apá ọ̀tún.

Ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fífi OS sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. ISO ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ nínú Settings, Storage.

"User is not in the sudoers file", tàbí terminal kọ̀ láti ṣí. Unattended tí mo ní kí ẹ má gbà fún lẹ gbà láàyè. Ó rọrùn kí ẹ pa VM náà rẹ́, kí ẹ tún un ṣe, ju kí ẹ máa tún un tò lọ.

Ojú dúdú lẹ́yìn Start. Ẹ wo Settings, Display: kí Graphics Controller jẹ́ VMSVGA fún Linux, kí ẹ sì yọ 3D Acceleration.

## Bí VM ò bá yẹ yín

Bí àṣẹ Linux nìkan lẹ fẹ́, tí RAM yín ò sì tó nǹkan, ẹ ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí Administrator lórí Windows 10 tàbí 11, kí ẹ kọ `wsl --install`. Á gbé Ubuntu wọlé láìsí ISO. Ó máa ń tan Virtual Machine Platform, nítorí náà bí ẹ bá ní VirtualBox pẹ̀lú, ìjàpá lè yọjú.

VMware Workstation Pro, ètò VM mìíràn, ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn láti oṣù kọkànlá 2024. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ bí VirtualBox bá ń fojú yín gbolẹ̀. Ẹni tó ní Mac M1 sókè, UTM, ètò VM fún Mac, ni kí ó lò, ISO tó jẹ́ ARM64 ni kí ó sì gbà, torí amd64 á kàn máa wọ́ nílẹ̀ lórí rẹ̀ ni.

Bí ẹ bá sì ti ṣe tán pẹ̀lú VM, ẹ má lọ máa pa fáìlì rẹ̀ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú fódà. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ nínú VirtualBox, ẹ yan Remove, lẹ́yìn náà Delete all files. 25GB yín á padà wá bá yín.